Àwòrán Tó Létí

Ẹ wo olórin kan bó ṣe ń rìn bọ̀ nínú fídíò. Afẹ́fẹ́ gbé agbádá rẹ̀, agbádá ń wú, ó ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eruku tó fẹsẹ̀ ta sókè kò tíì padà délẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń falẹ̀, àfi ètè. Ètè bá orin mu rẹ́gí, sílébù kan kò ṣáájú, ọ̀kan kò gbẹ́yìn. A ti rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè mọ́ bó ṣe jẹ́ tí ara èèyàn ń wọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò sì wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Fírémù 24 ni sinimá máa ń fi hàn wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí olùdarí bá fẹ́ kí ara olórin falẹ̀ dé ìdajì, á ní kí kámẹ́rà ya fírémù 48. Tí wọ́n bá wá fi 24 gbé e jáde, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba méjì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètè náà á falẹ̀, orin á sì fi í sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yà á, wọ́n á sọ ìyára orin di ìlọ́po méjì. Á máa dún wíríwírí nínú spíkà, olórin á sì máa fẹnu sáré bá a. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè rẹ́rìn-ín títí: olórin ńlá, awò dúdú lójú, tó ń fẹnu ṣe wúyẹ́wúyẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ mú ojú rọ̀ bí ẹni tí ìfẹ́ ń pa. Ẹnu ń sá, ojú kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹnu ń sá. Tí wọ́n bá wá dá ìyára padà sí bó ṣe yẹ, ètè á bọ́ sípò, ara á sì máa léfòó.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí nítorí pé òfin tó ń darí fídíò orin hàn nínú rẹ̀ kedere. Nínú fíìmù, àwòrán ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, wọ́n á wá wá orin tó bá a mu. Nínú fídíò orin, orin ti parí pátápátá kí kámẹ́rà tó dé. Kò ṣeé fà, kò ṣeé gé. Àwòrán ni yóò tẹ́tí. Aṣọ pípààrọ̀, ibùdó pípààrọ̀, ijó àjùmọ̀jó, ojú olórin tó kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n: inú òfin yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ibi tí a ti ń mọ ọ̀jáfáfá ni bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń gbọ́ràn tí kò sì dà bí ẹrú.

Ẹ mú ti aṣọ pípààrọ̀. Àwọn kan á ní ṣekárími ni, ó sì lè jóòótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ló bí i. Wọ́n á jẹ́ kí orin tó ti parí máa dún, olórin á fẹnu kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí òrùlé ilé kan. Wọ́n á tún un ṣe, kámẹ́rà á sún mọ́ ọn. Wọ́n á wọ inú yàrá, á wọ aṣọ mìíràn, á tún un kọ dé òpin. Tó bá fi máa di alẹ́, orin kan náà á ti sú u, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n yà ló so mọ́ ohùn kan ṣoṣo. Òmìnira tí èyí fún ẹni tó ń gé fídíò kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gé fíìmù. Ìlà kan lè bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé nínú léèsì funfun kó sì parí nínú yàrá nínú kóòtù. Nínú fíìmù, a ó ní wọ́n gbàgbé aṣọ tó wọ̀ ni. Níbí, kò sẹ́ni tó ń bínú, torí pé ohùn kò já.

Ìtàn fídíò orin kò gùn púpọ̀. Ní 1975, Bruce Gowers ya “Bohemian Rhapsody” fún ẹgbẹ́ Queen, kí tẹlifíṣọ̀n lè máa gbé e láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn wà níbẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ló gbà wọ́n. Nígbà tí MTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1981, ojú tó ń di púpọ̀ lórí gíláàsì, iná tó ń ti ẹ̀yìn olórin tàn, ètè tó ń bá orin rìn, gbogbo wọn ti wà nílẹ̀. MTV kàn dá ọjà tí kì í tú sílẹ̀ fún wọn ni.

Àwọn kan fẹ́ mọ ibi tí ìgbọràn yìí lè dé. Láàárín àwọn ọdún 1990, Spike Jonze ya “Drop” fún ẹgbẹ́ The Pharcyde ní ìdàkejì látòkèdélẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà rìn sẹ́yìn ní títì, wọ́n sì kọ́ ọ̀rọ̀ orin wọn láti ìparí bọ̀ wá síbẹ̀rẹ̀, ìró lẹ́yìn ìró, onímọ̀ èdè kan ló bá wọn tò ó. Nígbà tí wọ́n yí fídíò náà padà, ẹnu bá orin mu, ẹsẹ̀ ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tó yẹ kó já bọ́ ń fò sókè. Ní 2002, Chris Martin ti ẹgbẹ́ Coldplay ṣe irú rẹ̀ nínú “The Scientist” tí Jamie Thraves darí. Nǹkan bí oṣù kan ló fi kọ́ orin ara rẹ̀ ní ìdàkejì. Ẹ ronú sí i: ọkùnrin tó kọ orin fúnra rẹ̀, tó tún jókòó tì í bí ọmọ iléèwé, nítorí kí ètè má baà tàsé.

Fídíò kan wà tó rú òfin náà lójú gbogbo ayé, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nínú “Thriller” ti 1983, John Landis àti Michael Jackson dá orin fúnra rẹ̀ dúró. Wọ́n gé e, wọ́n tún un tò. Ẹsẹ orin gbogbo ló tẹ̀lé ara wọn níbi tí Jackson ti ń yí ọmọbìnrin tó ń bá a rìn ká lójú títì, ègbè kò sì dé títí di ẹ̀yìn ijó àwọn òkú. Fídíò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14. Àwọn eré kéékèèké tí wọ́n ń fi ṣíde fídíò lóde òní, tí ọmọge ń bá ọmọkùnrin jà nínú mọ́tò tàbí tí fóònù ń dún lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ “Thriller” ni gbogbo wọn. Ọmọ tí kò jọ bàbá pọ̀ níbẹ̀. Jackson mọ ìdí tó fi dá orin dúró: ẹ̀rù ló fẹ́ kó kọ́kọ́ bà wá, kí ijó tó bẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e kàn ń fi àkókò wa ṣòfò ni.

Ọ̀rọ̀ gígé ni mo fẹ́ dé. Orin tó bá ń lọ ní ẹyọ ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì. Fírémù 12 péré nìyẹn. Ẹni tí kò tíì gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí á máa pààrọ̀ àwòrán ní gbogbo fírémù 12 yẹn, gbá, gbá, gbá, títí ojú yóò fi rẹ wá. Oníjó tó mọ ìlù kì í tẹ gbogbo ẹyọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á jẹ́ kí ìyá ìlù sọ̀rọ̀ kọjá lórí òun, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni á fi èjìká kan ṣoṣo dá a lóhùn níbi tí a kò fojú sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ fídíò gé. Á fi àwòrán kan sílẹ̀ kọjá ẹyọ mẹ́ta, mẹ́rin, á wá pààrọ̀ rẹ̀ lórí èémí tí olórin mí kó tó ṣí ẹnu, tàbí kí ó fi fírémù kan tàbí méjì ṣáájú ìlù, kí ojú lè ti débẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń padà sídìí iṣẹ́ Michel Gondry nìyí. Ará Faransé ni, onílù ni kó tó di ìlú mọ̀ọ́ká olùdarí. Òun ló ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Oui Oui, fídíò tó ṣe fún ẹgbẹ́ náà ló sì jẹ́ kí Björk olórin rí i. Ní 1997, àwọn Daft Punk gbé “Around the World” fún un. Orin náà kò ní ìtàn, kò ní ẹsẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ohùn tó gba inú ẹ̀rọ kọjá ń tún sọ títí. Olùdarí mìíràn ì bá wá ọmọbìnrin kan tó ń sáré nínú òru, kó fi ìtàn bo òfo náà.

Gondry tẹ́tí ni. Ó gbọ́ pé nǹkan márùn-ún ló ń dún, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ara. Àwọn tó wọ aṣọ bí róbọ́ọ̀tì ni ohùn ẹ̀rọ náà, wọ́n ń yí orí ìtàgé ká láìdúró. Àwọn eléré ìdárayá gíga, tí orí wọn kéré bí ọsàn, ni gìtá báàsì. Àwọn obìnrin tó múra bí òmùwẹ̀ ni dùùrù. Àwọn tí eegun ara wà lórí aṣọ wọn ni gìtá. Àwọn òkú tí wọ́n fi aṣọ wé bíi ti Íjíbítì ayé àtijọ́ ni ẹ̀rọ ìlù. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n. Àtẹ̀gùn wà lórí ìtàgé, ìtàgé fúnra rẹ̀ sì rí róbótó bí àwo orin.

Ẹ wá wo báàsì. Nínú orin náà, báàsì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó bá ń gòkè, àwọn eléré ìdárayá á gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó bá ń sọ̀, wọ́n á sọ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní báàsì rí, tí kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù, á kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, nítorí ó ń rí i. Ojú ló kọ́ etí. Nígbà tí ohun èlò kan bá sì dákẹ́, agbo rẹ̀ á ṣíwọ́ ijó. Ìyókù á máa bá a lọ.

Blanca Li, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ló kọ́ wọn níjó náà. Ọgbọ́n tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yọ ni pé kámẹ́rà dúró lókèèrè. Ó ti sú Gondry bí àwọn fídíò ìgbà náà ṣe ń gé ijó wẹ́lẹwẹ̀lẹ: ìbàdí níhìn-ín, bàtà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń jó kò sì pé ara kan. Ó fẹ́ kí a rí ẹsẹ̀ àti orí oníjó lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì rí agbo kan ní ẹ̀gbẹ́ èkejì. Bó bá gé e wẹ́wẹ́ ni, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ pé báàsì ń gun àtẹ̀gùn nígbà tí gìtá wà nísàlẹ̀. Àwọn Daft Punk tó ni orin kò fojú hàn bí olórin níbẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni tó béèrè wọn.

Gondry tún ṣe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún àwọn Chemical Brothers nínú “Star Guitar”, láìsí èèyàn kankan tó ń jó. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin ni, a ń wo òde. Òpó iná kọjá, ilé kọjá, afárá kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó fura pé òpó kì í kọjá àfi tí ìlù kan bá dún, àti pé ilé tó kọjá lẹ́ẹ̀kan ti tún padà wá, torí pé ìró tó ni ín tún padà wá. Kí wọ́n tó yà á, orí tábìlì ló ti to orin náà, ó fi ọsàn, fọ́ọ̀kì, ìwé, ife àti bàtà ṣe àmì ìró kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kejì tí àwòrán lè gbà gbọ́ orin ni pé kó dákẹ́. Nínú fídíò “Nothing Compares 2 U” ti 1990, orin tí Prince kọ, John Maybury gbé kámẹ́rà ka ojú Sinéad O'Connor, ó sì fi í síbẹ̀. Orí rẹ̀ fá, aṣọ dúdú dé ọrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Wọ́n ya ibi tó ti ń rìn nínú ọgbà kan nítòsí Paris pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú náà ló gba ibi tó pọ̀ jù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí orin parí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọn kò ṣètò rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìyá òun tó ti kú ni òun rántí. Ẹni tó bá ń gé fídíò ní gbogbo ìlù ì bá ti pàdánù omijé yẹn, torí ó máa ń pẹ́ kí omi tó kún ojú, kó tó já. Àṣà ni kí ojú olórin kún tẹlifíṣọ̀n. Ìgboyà ni kí a má gbé e kúrò.

Bí ojú bá ṣe pàtàkì báyìí, kí ni a ó sọ nípa Lágbájá? Olórin tó fi aṣọ bojú ni, tí a kì í rí ètè rẹ̀ dáadáa débi tí a ó fi mọ̀ bóyá ó bá orin mu. Ohun tí olórin mìíràn fi ń mú wa, òun gbé e sọnù. Ara ló kù: èjìká, ìka ọwọ́ lórí saksofóònù, bí ọrùn ṣe ń yí síbi tí ìlù ti wá. Àwọn onílù rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n wà lẹ́yìn, wá bọ́ síwájú, a sì ń wo ọwọ́ wọn. Ó yẹ kí àwọn olùdarí wa máa wo àwọn fídíò rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n lọ.

Ní Èkó, àwọn àṣà wa wà, a mọ̀ wọ́n: ọkọ̀ olówó ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ilé tí kì í ṣe ti olórin, àwọn ọmọge tí wọ́n tò sẹ́bàá omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, owó tí wọ́n ń ná bí ẹni wà lóde ìnáwó. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò bí mi nínú. Àwa la ni ín, a ń ná owó kí kámẹ́rà tó délẹ̀ wa. Ti ọmọge ni mo ń ṣàròyé lé lórí. Wọ́n gbé èèyàn wá, wọn kò fún un níṣẹ́, kò jó, kò sọ̀rọ̀, kò sì sí ìró kankan nínú orin tó jẹ́ tirẹ̀.

Àṣà wa kan tún wà tó wù mí: orúkọ olùdarí máa ń hàn gàdàgbà. MTV kò fi orúkọ olùdarí sábẹ́ fídíò títí di ìparí 1992. Ní Nàìjíríà, ọmọ kékeré tó ń wo tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ mọ orúkọ Clarence Peters kó tó mọ orúkọ gómìnà. Ṣínà Peters olórin ló bí i, Clarion Chukwura òṣèré ni ìyá rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu pé ó mọ ibi tí orin àti eré ti ń pàdé. Nínú “Ayé” tó yà fún Davido ní 2014, ó bọ́ gbogbo ṣéènì kúrò lọ́rùn ọmọ olówó, ó gbé e lọ sí abúlé, ó sọ ọ́ di àgbẹ̀ tí ìfẹ́ kó sí lórí. Orin náà ń sọ̀rọ̀ ayé àti ìfẹ́ ní pẹ̀lẹ́, kò sí bí ọkọ̀ olówó ńlá ṣe máa gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ pupa àti ilé amọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ̀wẹ̀, a lè fi àṣà ṣe ìdẹ. Hiro Murai ló darí “This Is America” ti Childish Gambino ní 2018. Àṣà ni pé tí olórin bá ń jó pẹ̀lú àwọn ọmọdé níwájú, àwọn ni kí a máa wò. A sì ń wò wọ́n. Lẹ́yìn wọn, nínú ilé ẹrù ńlá yẹn, rògbòdìyàn ti bẹ́, èèyàn ń sá, iná ń jó, àwa ń wo ẹsẹ̀. Sherrie Silver tó ṣètò ijó náà kó ijó láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà sínú rẹ̀, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó di dandan kí a wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kejì ká tó rí ohun tó ń sọ. Falz, olórin wa, mú ìlànà náà lọ́dún yẹn gan-an, ó fi ọ̀ràn tiwa kún un. Tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ṣàkó, ẹ̀yìn kì í fara pamọ́ fún iwájú, mo sì rò pé ohun tó sọ nù nínú rẹ̀ nìyẹn.

TG Omori, tó ń pe ara rẹ̀ ní Boy Director, ni mo rò pé ó gbọ́ orin Asake jù lọ. Orin Asake kì í ṣe ohùn ẹnìkan: agbo ló ń gbè é, bí ìgbà tí àwọn onífújì àti ọmọ ìjọ bá pàdé ní oríta. Nínú àwọn fídíò 2022 tó yà fún un, irú “Peace Be Unto You”, èrò pọ̀ lẹ́yìn olórin. Ègbè orin náà ni wọ́n. Tí a bá yọ wọ́n kúrò, a ó máa gbọ́ ohùn tí a kò rí ẹni tó ni ín.

Ní báyìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo fídíò, fóònù sì dúró lóòró. Àwọn àgbà olùdarí ń ráhùn pé ó gba òkè odò, òòrùn wíwọ̀ àti ọkọ̀ gígùn lọ́wọ́ wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn tó dúró gbé inú àwòrán olóòró láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí a fi orin wọn jó lórí TikTok ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ ijó tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, nítorí náà wọ́n ń gbé kámẹ́rà dúró sójú kan, wọ́n ń jẹ́ kí a rí oníjó lódidi fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ohun tí Gondry ń bẹ̀bẹ̀ fún ní 1997 nìyẹn, àwọn ọmọ ogún ọdún sì ń ṣe é lójú pópó Agége láìsí ẹni tó kọ́ wọn.